Igún di ọ̀wọ́n l'Oko-Ọba o! Ta ló ń pa wọ́n?

Ẹni tó bá dé ilé-ìpẹran tó wà l'Oko-Ọba, l'Agége, láàárọ̀ yóò rí lékeléke rẹpẹtẹ lẹ́yìn màálù. Yóò rí àwòdì tó ń rà bàbà lókè, tó ń wá ìfun tí wọ́n dà nù. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó yẹ kó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, ìyẹn igún apárí, ó ti di ọ̀wọ́n bí ojú.

Bẹ́ẹ̀, àdúgbò yìí kọ́ ló ń lé ẹyẹ tẹ́lẹ̀ o. Igbó kìjikìji ni. Àwọn agégi tó ń gé igi níbẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Agége ti wá. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901, oko kòkó àti obì ti ń gba igbó lọ́wọ́ ẹranko. J.K. Coker ní oko ńlá tiẹ̀ n'Ìfàkọ̀, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Síbẹ̀, igi ńlá ṣì wà. Àfi ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà la ọgbà iléeṣẹ́ s'Ìkẹjà ni nǹkan yí bírí. Iléeṣẹ́ gba tiẹ̀, pápákọ̀ òfurufú gba tiẹ̀, ilé gbígbé gba ìyókù. Orí igi gíga bí àràbà sì ni igún máa ń yé sí, ẹyin kan ṣoṣo ló sì ń yé lọ́dún.

Ṣé àìsí igi nìkan ló wá lé wọn lọ? Rárá o, ọmọ aráyé ló ń pa wọ́n! Ìwádìí táwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2016 fi hàn pé láàárín nǹkan bí ọdún 53, igún apárí ti fi ìdá 83 nínú 100 dín kù nílẹ̀ Áfíríkà. Nínú òkú igún oríṣiríṣi tí wọ́n kà, májèlé ló pa ìdá 61. Àwọn tó ń tà á fún oògùn ló pa ìdá 29. Ní Guinea-Bissau, láàárín 2019 sí 2020, igún tó lé ní 2,000 ni májèlé pa, wọ́n sì bá àwọn kan nínú wọn láìlórí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi orí igún ṣe? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá di kàyéfì nìyí. Yorùbá kan náà ló ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Àwọn àgbà gbà pé ẹbọ tí igún bá jẹ lẹbọ tó fín. Bí wọ́n bá wá pa igún tán, ta ni yóò jẹ ẹbọ?

Kò tán síbẹ̀. Ikùn igún lágbára débi pé ó ń pa kòkòrò àrùn inú òkú ẹran tó lè ṣekú pa èèyàn. Ní Íńdíà, láwọn ọdún 1990, oògùn màálù kan tó ń jẹ́ diclofenac pa igún wọn lọ rẹpẹtẹ. Ajá ìgboro gba òkú ẹran jẹ, wọ́n pọ̀ sí i, àrùn dìgbòlugi sì ń pa èèyàn. Ọdún 2006 ni ìjọba wọn tó fòfin de oògùn náà fún màálù. Ilé-ìpẹran tí kò bá ní igún, ajá, eku àti eṣinṣin ni yóò jogún rẹ̀.

Òfin tó ń dáàbò bo irú ẹranko bẹ́ẹ̀ wà ní Nàìjíríà láti 1985, wọ́n tún un ṣe ní 2016. Ṣé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣì ṣeé tún ṣe? Ó ṣeé ṣe. Lórí òkè ilẹ̀ Wales, ní Britain, àwòdì pupa ku ìwọ̀nba díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Láti 1903 làwọn kan ti ń ṣọ́ ìtẹ́ wọn. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló ń fò níbẹ̀.

Ẹni tó ń pa igún, oníbàárà ló ń ṣiṣẹ́ fún. Bí kò bá sí ẹni tó ń rà á, kò ní sí ẹni tí yóò máa dẹ májèlé sílẹ̀ fún un. Agége ti gé igi rẹ̀ tán; ẹ má jẹ́ ká pa igún mọ́ ọn.