Ìjọba Pàjáwìrì: Ta Ló Fẹ́ Kí Wọ́n Fi Kún Un?

Ọ̀rọ̀ ìjọba pàjáwìrì kì í ṣe àlejò fún àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Jos. Ní ọjọ́ 18, oṣù karùn-ún, ọdún 2004, lẹ́yìn ìpakúpa tó wáyé ní Yelwa ní agbègbè Shendam, Ààrẹ Ọbásanjọ́ kéde rẹ̀ ní Plateau. Wọ́n ní kí Gómìnà Joshua Dariye lọọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà lọ sílé, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, Chris Alli, sì di alákòóso.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà ń parí lọ, àwọn kan nínú wa fẹ́ kí wọ́n fi kún un. Ẹ má bá wọn wí. Ẹni tí wọ́n jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọdún 2001, ìfọ̀kànbalẹ̀ ló ń wá, kò bìkítà fún ẹni tó gbé e wá.

Lójú tèmi, ó dára bí wọn kò ṣe fi kún un. Abala 305 nínú ìwé òfin Nàìjíríà sọ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó parí nìyẹn, àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àpapọ̀ bá tún fọwọ́ sí oṣù mẹ́fà mìíràn. Òfin náà kò sọ iye ìgbà tí wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ti Borno, Yobe àti Adamawa tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi kún un. Ìgbà tí Ààrẹ Jonathan béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, ní ọdún 2014, ni kò rí ìfọwọ́sí gbà. Ẹ tún wo Amẹ́ríkà. Oṣù kọkànlá ọdún 1979 ni Ààrẹ Carter kéde pàjáwìrì nítorí Iran, tó sì gbẹ́sẹ̀ lé owó ìjọba wọn, nígbà tí wọ́n mú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Tehran. Àwọn tí wọ́n mú ti dé ilé láti ọdún 1981, síbẹ̀ ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ìkéde náà dọ̀tun.

Àwa tí wọ́n ń pè ní àlejò, tí a ń wá ìwé ọmọ onílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, ìbò wa ni ohùn wa. Ní oṣù mẹ́fà yẹn, aṣòfin tó wá bẹ̀ wá fún ìbò kò sí níjòókòó tí a lè rán níṣẹ́. Ọ̀gágun kò sì bẹ ẹnikẹ́ni fún ìbò rí!

Dariye padà sípò ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 2004. Bákan náà ni ti Rivers ní ọdún 2025: oṣù mẹ́fà pé, Fubara padà. Ìjà tó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Jos ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ Jos North ló fà á, lórí ta ni yóò ṣàkóso ibẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ṣọ́jà lè yanjú, ì báà lo ọdún mẹ́wàá.