Ta Ló Mọ Iye Ọjà?

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972 ni ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán CBS ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé The Price Is Right jáde gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Bob Barker ni ó ṣe atọ́kùn rẹ̀ fún ọdún 35, kí Drew Carey tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2007. Àwa tí a gbọ́ Faransé mọ ọmọ ìyá rẹ̀, Le Juste Prix ti TF1, pẹ̀lú igbe « C'est plus ! C'est moins ! » tí ó lókìkí.

Eré náà kò jọ ọjà tiwa. Ní Ouando, ní Àjàṣẹ́, aláte a dá iye lé ọjà, oníbàárà a gé e sí méjì, wọn a sì jọ dúnàá dúrà títí wọn yóò fi pàdé. Nínú eré yìí, wọ́n ti dá iye náà, wọ́n sì ti fi í pamọ́. Ẹ̀bẹ̀ kò sí. Ẹni tí kì í ná ọjà ni yóò kọ́kọ́ jìn sí kòtò. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀: ó bu ọlá fún ìmọ̀ tí a sábà máa ń fojú tín-ín-rín, ìmọ̀ ẹni tí ó ń ra ọṣẹ àti ẹ̀wà.

Oríṣi eré ìdíyelé inú rẹ̀ lé ní 70, wọn kò sì dọ́gba lójú mi. Plinko ni àwọn òǹwòran ń pariwo fún jù. Olùdíje a fi ìmọ̀ iye ọjà gba àwo pẹlẹbẹ kéékèèké, a sì jù wọ́n sílẹ̀ láti orí pátákó tí ó kún fún èèkàn. Ihò àárín ni owó ńlá wà, ṣùgbọ́n òdo ni ó wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ó dùn ún wò, àmọ́ bí àwo bá ti kúrò lọ́wọ́, orí ẹni ló kù. Ariwo rẹ̀ ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ.

Cliff Hangers ni ó ń gba ọkàn mi. Ère ọkùnrin kékeré kan ń gun òkè, ìṣísẹ̀ 25 péré. Olùdíje a dá iye lé ohun èlò ilé mẹ́ta. Dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi ṣìnà, ìṣísẹ̀ kan. Bí ó bá kọjá 25, ọkùnrin náà já sí ọ̀gbun. Ère lásán ni, síbẹ̀ mo máa ń di ìjókòó mú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo Clock Game dáadáa. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30, olùdíje ń dá iye, atọ́kùn ń dáhùn pé ó jù bẹ́ẹ̀ tàbí kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa fi ìjayà fò káàkiri. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí iye náà bá wà láàárín 500 sí 999, ẹni tí ó bá ń pín ohun tí ó kù sí méjì nígbà gbogbo, tí ó fi 750 bẹ̀rẹ̀, kò ní dá iye ju ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lọ kí ó tó bá a.

Ní 2008, ọkùnrin kan dárúkọ 23,743 dọ́là fún àkójọ ẹ̀bùn ìparí, kò sì fi dọ́là kan ṣìnà. Wọ́n fura sí i pé ó ṣe màgòmágó. Ṣùgbọ́n òun àti ìyàwó rẹ̀ ti fi oṣù púpọ̀ wo ètò náà, wọ́n ti rí i pé àwọn ẹ̀bùn kan náà ń padà wá pẹ̀lú iye kan náà. Ohun tí aláte ń ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n ṣe. Drew Carey kéde ìṣẹ́gun náà láìrẹ́rìn-ín, láìpariwo, àkójọ ẹ̀bùn méjèèjì sì di ti ọkùnrin náà.