Kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè di ibi eré nínú ilé

Ọ̀pọ̀ òbí ló mọ ìnira yìí: ọmọ gba owó àkàrà, ó sì fi ṣe eré ní ìsọ̀ fídíò. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni a tó ń wá a kiri. Bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan lè wà ní ìyàrá, tí eruku ti bò, nítorí wọ́n ní ó ti gbó jù. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Datcha àti ní agbègbè Atakpamé, ẹ má tíì gbé e jù sóko.

Kọ̀ǹpútà kì í dá ṣiṣẹ́. Ètò kan ló ń darí rẹ̀. Windows ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, títà ni wọ́n sì ń tà á. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Finland, gbé ètò mìíràn jáde tí a ń pè ní Linux, ó sì ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ará Datcha mọ ọ̀rọ̀ aṣọ. Ẹ fi ojú inú wo ahunṣọ tó fún yín ní aṣọ, tó fi bí ó ṣe hun ún hàn yín, tó tún ní kí ẹ hun irú rẹ̀ fún aládùúgbò. Bí ètò àṣísílẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ṣe àdàkọ rẹ̀ kò jalè.

Ní Kùtọnu, àwọn ará ibùdó BloLab a máa kó ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn ti dànù, wọn a tò wọ́n sínú kẹ́ẹ̀gì, wọn a sì fi irú ètò yìí sí i. Jerry ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà.

Eré wo ló wà níbẹ̀? SuperTuxKart jẹ́ ìdíje ọkọ̀ tí ẹni méjì lè jọ ṣe lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ní tèmi, GCompris ló dára jù. Bruno Coudoin, ará Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2000. Bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀ bí Faransé ṣe ń pè é, ẹ ó gbọ́ «ó ti yé mi» ní èdè wọn. Eré inú rẹ̀ ju 100 lọ: ìṣirò, lẹ́tà, àwòrán, ṣẹ́ẹ̀sì. Ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà lè fi kọ́ bí a ṣe ń tẹ lẹ́tà. Ta ni yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé ara rẹ̀?

N kò ní tàn yín: eré bọ́ọ̀lù olókìkí tí àwọn ọmọ ń jìjàdù lé lórí ní ìsọ̀ kò sí nínú èyí. Wọn yóò kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn. Àdàkọ olè irú eré bẹ́ẹ̀ a máa gbé kòkòrò tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ wọ inú ẹ̀rọ.

Bí eré wọ̀nyí bá ti wọlé tán, ẹ lè ṣe wọ́n láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kí ó gbé ètò náà wá nínú fílásì. Kí ó kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ láti orí fílásì náà, láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín rí i bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kó fọ́tò àti ìwé yín pamọ́ sí ibòmíràn kí ó tó gbé e wọlé, nítorí ó lè pa gbogbo wọn rẹ́.