Omi Tí Ó Tòrò Kọ́ Ni Omi Tí Ó Mọ́

 

Nígbà tí òjò rọ̀ tí omi kànga ilé-kéú wa dàrú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéú ju álọ́ọ̀mù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó rò ó, ó sì gbé e sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, omi náà ti tòrò. Ó bu ife kan, ó fẹ́ mu ún. A dá a dúró. Ó ní, "Àfáà, ṣebí ó ti mọ́?" Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó náà ni ń rò bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó ń da omi rú? Iyanrìn lẹ́búlẹ́bú àti amọ̀ ni. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú iyanrìn ni sílíkà, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe gíláàsì. Bí sílíkà bá wà nínú omi, ara rẹ̀ a máa ní agbára iná díẹ̀, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní àyọkúrò. Àyọkúrò a máa lé àyọkúrò, ṣùgbọ́n àròpọ̀ àti àyọkúrò a máa fa ara wọn. Nítorí náà ni ẹ̀rún iyanrìn tí ó kéré jù fi ń lé ara wọn kiri, tí wọn kò lè para pọ̀ kí wọ́n rì.

Álọ́ọ̀mù ni ó ń mú àròpọ̀ wá. Ìjà tán, ẹ̀rún ṣù pọ̀, ó wúwo, ó rì. Ìlànà yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ omi ńlá ń lò, irú ti Adíyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí a kọ́ láti máa pèsè 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lójúmọ́ láti inú odò Ògùn.

Hóró igi moringa, tí àwọn Haúsá ń pè ní zogale, náà ń ṣe é. Purotéènì kan wà nínú rẹ̀ tí ó ní àròpọ̀. Ohun gígùn ni, tí a so pọ̀ bí ọmọ tẹ̀sùbáà. Irú rẹ̀ ni à ń pè ní pólímà. Bí ọmọ tẹ̀sùbáà kan bá já kúrò lára iyanrìn, àwọn yòókù ṣì dì í mú. Ní 2010, Kwaambwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde pé purotéènì yìí ń lẹ̀ mọ́ sílíkà gírígírí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí ó bá pọ̀ jù, yóò bo gbogbo ara ẹ̀rún, gbogbo wọn á wá di àròpọ̀, wọ́n á tún máa lé ara wọn, omi á sì tún dàrú.

Ọṣẹ ńkọ́? Ẹ̀rún ọṣẹ ní orí tí ó fẹ́ràn omi àti ìrù tí ó fẹ́ràn òróró. Bí wọ́n bá pọ̀ tó nínú omi, wọ́n á kó ìrù jọ sínú, orí á wà níta. Orí ọṣẹ ìfọṣọ jẹ́ àyọkúrò, nítorí náà kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ife gíláàsì; omi tí ó dára ń ṣàn án kúrò. Ṣùgbọ́n omi kànga tí ó sún mọ́ ọ̀sà máa ń ní iyọ̀ àti kálísíọ̀mù. Kálísíọ̀mù ní àròpọ̀: á di ọṣẹ mú, ọṣẹ kò ní hó dáadáa, èérí funfun á sì lẹ̀ mọ́ ife.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè ọmọ wa. Álọ́ọ̀mù ń kó ẹrẹ̀ lọ, ó sì ń kó díẹ̀ nínú kòkòrò àrùn lọ pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í kó gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2024, nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, Lagos Island wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ó kàn. Ojú kò lè rí kòkòrò yẹn nínú omi tí ó tòrò.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí omi tòrò, ẹ rọra da èyí tí ó wà lókè sínú ìkòkò mìíràn, kí ẹ sì sè é títí yóò fi hó yaayaa kí ọmọ tó mu ún. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ sì dé omi yín. Ọlọ́run kí ó dáàbò bò wá. Àmín.