Olú Ẹ̀dá-Ìtàn Tí A Kò Yàn: Bí Akọni Ṣe Ń Di Alátakò Nínú Eré Orí Ẹ̀rọ àti Nínú Eré Oníṣe Yorùbá

1. Ìfáárà

Òwe kan tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ ní Èkó ni pé ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ ẹni tí kò wá. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé ọjà yìí, tí ó wà ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, kún débi pé bí ẹnì kan kò bá wá, kò sí àyè tí yóò ṣófo tí a ó fi mọ̀. Láti ọdún 2024 tí ọkọ̀ ojú-irin tí wọ́n ń pè ní Red Line ti ń kó èrò láti Agbado wá sí Ọ̀yìngbò, èrò túbọ̀ pọ̀ sí i ni, òwe náà kò sì tíì yẹ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi ìtàn kan wà tí òwe yìí kò bá mu. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹni tí a kò yàn kì í sọnù. Òun gan-an ni yóò lọ dúró dè wá níwájú láti bá wa figagbága.

Inú eré orí ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ń pè ní géèmù ni irú ìtàn yìí ti wọ́pọ̀ jù lóde òní. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé ní ṣókí lórí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí a sì fi hàn pé kò ṣàjèjì sí eré ọmọdé àti eré oníṣe wa. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan olùkọ́ àti olùṣèdánwò ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín olú ẹ̀dá-ìtàn àti akọni. Bí àwa náà kò bá sì là á yé ara wa, a ó máa fi máàkì du ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, a ó sì máa fi fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

2. Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Lò

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀. Olú ẹ̀dá-ìtàn ni ẹni tí ìtàn dá lé lórí, ẹni tí à ń bá rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Alátakò ni ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ àti ti olú ẹ̀dá-ìtàn kò lè jọ ṣẹ. Akọni ni ẹni tí ìwà tàbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yẹ fún ìyìn. Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ipò ni méjì àkọ́kọ́, ìwà sì ni ẹ̀kẹta. Ipò dà bí àga: ẹni tí ó jókòó sórí rẹ̀ lónìí lè dìde lọ́la kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀. Ìwà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó hù ú ló ni ín.

Nínú eré orí ẹ̀rọ oníìtàn, ẹni tí ń ta eré náà ni yóò wọ àwọ̀ ẹ̀dá-ìtàn kan, tí yóò sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí rẹ̀. Nígbà mìíràn, wọn a fún un ní ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó yan ọ̀kan. A ó máa pe ẹni tí ó bá yàn ní olú àyàn, a ó sì máa pe èyí tí ó fi sílẹ̀ ní olú àpatì.

3. Olú Àpatì Nínú Eré Orí Ẹ̀rọ

Àpẹẹrẹ tí ó rọrùn jù ni Pokémon Ruby àti Pokémon Sapphire, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Japan ní ọdún 2002. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré náà, wọn a bi ẹni tí ó fẹ́ ta á bóyá ọmọkùnrin ni tàbí ọmọbìnrin. Brendan ni ọmọkùnrin náà, May sì ni ọmọbìnrin. Bí a bá yan May, yóò di ọmọ Norman, tí ìdílé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò tuntun. Brendan yóò sì di ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Birch tí ń gbé nítòsí, òun ni yóò máa bá wa díje. Bí ó bá jẹ́ Brendan ni a yàn, gbogbo rẹ̀ yóò yí padà: Brendan di ọmọ Norman, May di ọmọ Birch. Kì í ṣe ipò nìkan ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n pààrọ̀ bàbá pàápàá. Kò sí ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ Brendan tàbí ti May tí ó sọ wọ́n di alátakò. Àìyàn wa ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ẹranko mẹ́ta ni wọ́n tún ní kí a yan ọ̀kan nínú wọn: ti koríko, ti iná àti ti omi. Iná ń jó koríko, omi ń pa iná, koríko sì ń fa omi mu. Èyíkéyìí tí a bá mú, èyí tí ó lè borí rẹ̀ ni ti alátakò wa yóò jẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí a yàn ló pinnu ẹni tí yóò bá wa jà, òun náà ló pinnu ohun ìjà ọwọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé Pokémon Crystal, tí ó jáde ní ọdún 2000, èyí tí ó kọ́kọ́ fún àwọn tí ń ta irú eré yìí ní àǹfààní láti yan ọmọbìnrin. Nínú ìyẹn, ẹni tí a kò yàn kò yọjú rárá. Òwe Ọ̀yìngbò ṣẹ níbẹ̀. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni olú àpatì di alátakò.

Àpẹẹrẹ kejì yóò dùn mọ́ àwa olùkọ́ nínú. Nínú Fire Emblem: Three Houses, tí ó jáde ní ọdún 2019, iṣẹ́ olùkọ́ ni ẹni tí ń ta eré náà ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá ní ogun jíjà. Kíláàsì mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Edelgard, Dimitri àti Claude ni olórí wọn, olùkọ́ náà yóò sì yan ọ̀kan. Nígbà tó yá, ogun bẹ́ sílẹ̀, ọdún márùn-ún sì kọjá. Bí a bá yan Dimitri, Edelgard ni a ó bá jà. Bí a bá yan Edelgard tí a sì dúró tì í, Dimitri ni a ó pàdé lójú ogun. Olúkúlùkù wọn ló ní ìdí tí ó fi ń ja ogun tirẹ̀. Nígbà tí a wà lẹ́yìn Edelgard, a gbọ́ ìdí náà yékéyéké. Nígbà tí a wà ní òdìkejì, ariwo ogun ló bò ó mọ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ibi tí a dúró sí láti gbọ́ ọ ló yí padà.

Èyí tí ó pẹ́ jù nínú àwọn àpẹẹrẹ wa ni Live A Live, ti ọdún 1994. Apá púpọ̀ ni ìtàn náà ní, apá kọ̀ọ̀kan sì ní akọni tirẹ̀. Oersted jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, jagunjagun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀ tí àwọn ará ìlú sì kọ̀ ọ́, títí ó fi sọ ara rẹ̀ di ọ̀tá gbogbo ènìyàn. Ní apá tí ó kẹ́yìn, a lè yan ọ̀kan nínú àwọn akọni tó kù kí a fi bá a jà. A sì lè yan Oersted fúnra rẹ̀, kí a wá máa bá àwọn tí a ti bá rìn tẹ́lẹ̀ jà. Ẹni kan náà ni olú, òun náà sì ni alátakò.

4. Irú Rẹ̀ Nínú Eré Ọmọdé Wa

Bí ẹnì kan bá rò pé àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ronú kan ọgbọ́n yìí, kí ó rántí eré òṣùpá. Nínú eré ẹkùn mẹ́ran, àwọn ọmọdé a di ọwọ́ ara wọn mú, wọn a pa agbo. Ọ̀kan jẹ́ ẹran nínú agbo, ọ̀kan jẹ́ ẹkùn lóde. Ẹni tí ó ṣe ẹkùn báyìí lè ṣe ẹran láìpẹ́, kò sì sí ìyá ọmọ tí yóò bínú pé wọ́n pe ọmọ òun ní ẹkùn. Nínú bojúbojú bákan náà, ẹni tí ń sá pamọ́ lónìí ni ẹni tí ń wá ẹlòmíràn kiri lọ́la.

Ayò tún sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ihò méjìlá ni ọpọ́n ayò ní, mẹ́fà sí ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò jẹ́ 48. Kò sí èyí tí wọ́n kùn láwọ̀ pé ti lágbájá ni. Ọmọ ayò tí ó wà lọ́dọ̀ mi yóò kọjá sọ́dọ̀ rẹ, ọwọ́ rẹ ni yóò sì fi bá mi jà. Òpin eré ló ń sọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀ta àti ẹni tí ó jẹ́ ọ̀pẹ.

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o. Nínú eré òṣùpá, bí ipò bá ti yí, ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti tán. Ẹ̀rọ a máa pa ìtàn mọ́: olú àpatì a máa rìn bọ̀ pẹ̀lú orúkọ, ilé àti ìdí tirẹ̀. Níbi yìí ni eré orí ẹ̀rọ ti sún mọ́ eré oníṣe.

5. Irú Rẹ̀ Nínú Eré Oníṣe àti Ìtàn Ìlú

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń yan olú tirẹ̀. Nínú Kurunmi, tí Ọlá Rótìmí kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì jáde ní ọdún 1971, Kúrunmí ti Ìjàyè ni olú ẹ̀dá-ìtàn, Ìbàdàn ni alátakò. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ìtàn ogun Ìjàyè (1860–1862) kan náà ní Ìbàdàn, Ògúnmọ́lá ni wọn yóò máa kì. Nínú Ọba Kò So, tí Dúró Ládípọ̀ kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní ọdún 1963, Ṣàngó ni olú, Tìmì sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun méjì tí ó ń kó ọkàn rẹ̀ sókè. Ẹ dé Ẹdẹ, ẹ ó rí i pé orúkọ Tìmì yìí ni oyè ọba wọn títí di òní.

Àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí a dúró lé lórí jù ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré oníṣe Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó jáde ní ọdún 1970. Ẹfúnṣetán ni orí ìwé, òun ni ìtàn dá lé lórí, òun náà sì ni òǹwòran ń gbé ṣépè nítorí ikú tí ó fi pa ẹrú rẹ̀, Adétutù, tí ó lóyún. Látòósà tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ ni alátakò. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Nítorí pé Látòósà ni òǹwòran ń pàtẹ́wọ́ fún, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni olú ẹ̀dá-ìtàn.

Ìwé ìtàn tún gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ìwé Samuel Johnson tí ó jáde ní ọdún 1921, ẹ̀sùn tí Látòósà fi kan Ìyálóde náà ni pé kò bá òun lọ sí ogun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, àti pé kò jáde wá pàdé òun nígbà tí òun bọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ Adétutù níbẹ̀. Inú eré oníṣe ni Ẹfúnṣetán ti gbé májèlé jẹ. Johnson ní àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n lò láti pa á lóru ní ọdún 1874. Ní ọdún 1992, Bọ́láńlé Awẹ́ kọ nípa rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ńlá àti ìjòyè tí ó ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Nínú àlàyé bẹ́ẹ̀, Ẹfúnṣetán ni olú àyàn, Látòósà sì ni agbára tí ó dojú kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé pípààrọ̀ àga ń wẹ ọwọ́ ẹni mọ́. Ká ní Adétutù ni a yàn ní olú ńkọ́? Láti ibi tí ẹrú dúró sí, Ẹfúnṣetán kì í ṣe akọni, bẹ́ẹ̀ ni Látòósà náà kì í ṣe é, nítorí ogun ni àwọn ìjòyè Ìbàdàn fi ń kó ẹrú, Látòósà pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì tí à ń bá ara wa jiyàn lé lórí di alátakò lẹ́ẹ̀kan náà.

6. Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́ àti Olùṣèdánwò

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ dá lábàá. Èkíní, kí ìbéèrè ìdánwò má ṣe lo 'akọni' nígbà tí ó bá jẹ́ 'olú ẹ̀dá-ìtàn' ni ó ní lọ́kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kí ó sọ̀rọ̀ lórí akọni inú Ẹfúnṣetán Aníwúrà lè dáhùn pé kò sí, kí ó sì tọ̀nà.

Èkejì, kí máàkì wà fún ìdí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní Látòósà ni olú ẹ̀dá-ìtàn nítorí pé ó ṣẹ́gun, kò gbà á, nítorí ìṣẹ́gun kọ́ ni a fi ń mọ olú. Bí ó bá ní Látòósà ni alátakò, ṣùgbọ́n pé òǹkọ̀wé jẹ́ kí ọkàn òǹwòran fà sí i, tí ó sì tọ́ka sí ìṣẹ̀lẹ̀ inú eré láti fi gbè é lẹ́sẹ̀, ó yẹ kí ó gba máàkì ju ẹni tí ó kàn dárúkọ.

Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ lo ohun tí ọmọ ti mọ̀. Ọmọ tí ó ti yan May lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì yan Brendan lẹ́ẹ̀kejì, ti mọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ pé ipò ni alátakò, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Kí olùkọ́ ní kí ó tún ìran kan nínú eré oníṣe sọ láti ẹnu ẹni tí òǹkọ̀wé fi sí òdìkejì, láìyí ìṣẹ̀lẹ̀ kankan padà. Bí ọmọ bá pa irọ́ kún un kí ẹni náà lè dára, kí olùkọ́ dá a padà. Ojú ìwòye ni ó yẹ kí ó yí, kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti ṣàlàyé pé olú ẹ̀dá-ìtàn àti alátakò jẹ́ ipò tí ẹni kan náà lè gbà lẹ́yìn ara wọn, àti pé akọni jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà. Eré orí ẹ̀rọ fi èyí hàn gbangba nítorí pé ọwọ́ wa ni ó fi yíyàn sí. Inú eré oníṣe, òǹkọ̀wé ti yàn fún wa kí a tó dé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé yíyàn kan ti wáyé, kí ó sì lè bèèrè ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀. Ọjà Ọ̀yìngbò lè má mọ ẹni tí kò wá. Ẹni tí ń ka ìtàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.