Rotax Onígíà, Jabiru Aláìnígíà

Bí ẹ bá yà síbi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ fún gààrí ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì wọn: púlì kékeré ló wà lára rẹ̀, púlì ńlá wà lára ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, bẹ́líìtì ló so méjèèjì pọ̀. Ẹ́ńjìnì ń sáré, ẹ̀rọ ń rọra yí, síbẹ̀ ẹ̀gẹ́ kò lè dá a dúró. Ohun tí àwọn tó ń kan bàálù kékeré ń jiyàn lé lórí náà nìyẹn: ṣé kí ẹ́ńjìnì máa sáré kí gíà sì dín in kù, àbí kó má tilẹ̀ sáré rárá?

Rotax 912 ti ilẹ̀ Austria gba ọ̀nà púlì, àmọ́ gíà onírin ni tirẹ̀. Inú rẹ̀ kò ju lítà 1.2 lọ. Kí agbára ẹṣin 80 tó jáde níbẹ̀, àfi kó yí nígbà 5,800 ní ìṣẹ́jú kan. Gíà á wá dín in kù sí bí 2,550 kó tó dé ara abẹ̀bẹ̀ iwájú.

Jabiru 2200 ti Australia kò gbé gíà kankan. Lítà 2.2 ni inú tirẹ̀, nítorí náà kò nílò eré púpọ̀: ní 3,300 péré, agbára 85 ti jáde, abẹ̀bẹ̀ sì wà lórí kíránkì gan-an. (Bàálù Air Beetle tí wọ́n kàn ní Kàdúná pàápàá, ẹ́ńjìnì Lycoming tí kò ní gíà ló gbé e.)

Ẹ ò rí i pé ìjà yìí kò jìn tó bó ṣe ń pariwo. Ṣóńṣó abẹ̀bẹ̀ kò gbọdọ̀ súnmọ́ ìyára ohùn, torí ariwo ni agbára rẹ̀ yóò dà. Rotax fi gíà sá fún ààlà yìí, ó sì ráyè gbé abẹ̀bẹ̀ gígùn. Jabiru fi abẹ̀bẹ̀ kúkúrú sá fún un. Sìlíńdà mẹ́rin ni méjèèjì ní, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Iná méjì ló ń tan pọ́lọ́ọ̀gì wọn. Ìwọ̀n wọn kò sì jìn sí 60 kílò.

Ọ̀rọ̀ ooru ló yà wọ́n. Omi ló ń tu orí sìlíńdà Rotax lára, ó sì ní kábúrétọ̀ méjì tí mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ mú dọ́gba. Jabiru ní ẹyọ kan, kò sì lómi tí yóò jò, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ kò bá gba ibi tó yẹ, ó di wàhálà. Ní oṣù Kejìlá 2014, àjọ CASA, tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Australia, fi ìkálọ́wọ́kò lé bàálù tó ń lo Jabiru nítorí ẹ́ńjìnì tó ń kú lókè. Ọdún 2016 ni wọ́n tú u fún púpọ̀ nínú wọn.

Ní ti epo, Rotax alágbára 80 gba bẹntiróòlù tí òkìtéènì rẹ̀ jẹ́ 90, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ alágbára 100 ń fẹ́ 95 sókè. Bí a bá ń bu epo bàálù tó ní òjé sí Rotax, òjé náà ń wọnú ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnì àti gíà jọ ń lò, a ó sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì ọ̀hún ní wákàtí 50 dípò 100. Jabiru kò ní gíà tí èyí ń dààmú.

Ní Kpong ní Gánà, níbi tí obìnrin awakọ̀ bàálù Patricia Mawuli ti kọ́ṣẹ́ Rotax, Rotax ni wọ́n fi sára bàálù CH 701 tí wọ́n kàn. Ó bá a mu: bàálù tí kì í yára, tó ń gbéra lórí pápá koríko kúkúrú, abẹ̀bẹ̀ gígùn tó ń rọra yí ló ń fẹ́. Fún bàálù tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ́ràn eré, èmi yóò mú Jabiru.