Ta Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Ní Kí Ó Lọ Ṣe Àyẹ̀wò?

Ọdún 9 ni àbúrò ìyá mi kan lò nílé ọkọ láìbímọ. Àgbo tí ó mu kò lóǹkà. Òkè àdúrà tí ó gùn, òun nìkan ni ó mọ iye rẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà, èmi ni mo máa ń bá a gbé ike omi àdúrà. Nínú gbogbo ìpàdé tí ẹbí ṣe lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò gbọ́ kí ẹnì kan ṣoṣo béèrè pé, "Ọkọ ńkọ́? Ṣé òun náà ti rí dókítà?"

Àǹtí mi yìí ni ó ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ka ìwé ìtàn àròsọ méjì tí àwọn obìnrin Yorùbá kọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé Yorùbá pọ́ńbélé ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Lọlá Ṣónẹ́yìn gbé The Secret Lives of Baba Segi's Wives jáde ní 2010, Ìbàdàn ni ó fi ṣe ibùdó rẹ̀. Stay With Me ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ jáde ní 2017, Iléṣà ni tirẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kà wọ́n, ẹ forí jì mí, n ó tú àṣírí díẹ̀.)

Bọ́láńlé tí ó ka ìwé dé yunifásítì ni ìyàwó kẹrin Bàbá Sẹ̀gi. Ọmọ ti kún ilé kí ó tó dé, nítorí náà òun ni wọ́n di ẹ̀bi rù nígbà tí kò lóyún. Ọkọ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní kí ọkọ náà ṣe àyẹ̀wò, ibẹ̀ ni awo ti ya: baálé kò lè bímọ, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó fi ń yangàn.

Ti Yéjídé tilẹ̀ dùn mí jù. Onídìrí ni, iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ déédéé, síbẹ̀ àwọn àna mú ìyàwó kejì wá bá a. Ó gun òkè, ó fún ewúrẹ́ lọ́mú, ó gbà pé òun lóyún nígbà tí àyẹ̀wò kò rí nǹkan kan. Akin ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni ìṣòro wà. Ó dákẹ́. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀ o. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ohun tí ó sì bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Bí a bá dárúkọ ẹ̀tọ́ obìnrin, ìwọ́de àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ọ̀pọ̀ ń rò. Àwọn òǹkọ̀wé yìí gbé e wọ inú iyàrá. Ẹ wo èdè wa náà: gbangba ni a ti ń pe obìnrin ní àgàn; akúra, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni a ń sọ ọ́.

Àǹtí mi kúrò nílé náà ní ọdún kẹwàá. Ọmọ méjì ni ó bí fún ọkọ rẹ̀ kejì. Ọkọ àárọ̀ fẹ́ ìyàwó mìíràn. Nígbà tí mo gbọ́ kẹ́yìn, wọ́n ti ń mú ìyẹn náà lọ sí òkè àdúrà.